Bí Àlejò Ṣe Lè Hùwà Ọmọlúàbí ní Erékùṣù Kauaʻi: Èwo Ni Òfin, Èwo Ni Àṣà?

Ẹni tí ó bá ń múra láti lọ lo ìsinmi ní Hawaiʻi sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó dà bíi pé ó ń ta ko ara rẹ̀. Wọ́n á ní gbogbo ènìyàn ló ni etíkun, síbẹ̀ wọ́n á tún ní kí ó má ṣe gba ọ̀nà kan dé ibẹ̀. Wọ́n á ní ìjọba ti fòfin de ìpara oòrùn, síbẹ̀ yóò rí ìpara oòrùn lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Wọ́n á ní àwọn ará ibẹ̀ lawọ́ sí àlejò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rí àkọlé lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ń sọ pé kí àlejò má wọlé. Ohun tí ó ń da orí ènìyàn rú ni pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń pò pọ̀ mọ́ ara wọn: òfin tí ìjìyà wà lẹ́yìn rẹ̀, àṣà tí a kò kọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí tọmọdé tàgbà ìlú mọ̀, àti ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀. Mo fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn nínú àlàyé yìí, erékùṣù kan ṣoṣo ni mo sì mú, ìyẹn Kauaʻi, nítorí pé ibẹ̀ kéré, ohun tí àlejò bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í pẹ́ hàn.

Kauaʻi ni ó dàgbà jù nínú àwọn erékùṣù ńlá mẹ́jọ ti Hawaiʻi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,430 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 73,000. Ní ọdún 2019, àlejò tí ó wọ erékùṣù náà lé ní mílíọ̀nù 1.3. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó yí i ká kò tilẹ̀ pé òbìrí, nítorí pé àwọn òkè Nāpali dí i ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá, nítorí náà ọ̀nà kan náà ni ará ìlú tí ń lọ síbi iṣẹ́ àti àlejò tí ń wá ibi ìyàwòrán ń gbà.

Ìtàn tún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ọba ni Hawaiʻi ní tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1893, nígbà tí àwọn oníṣòwò kan rọ Ọbabìnrin Liliʻuokalani lóyè, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì gúnlẹ̀ láti gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní 1898, Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀. Ní 1959, ó di ìpínlẹ̀ àádọ́ta. Ní 1993, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n àforíjì náà kò dá ilẹ̀ padà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń gbé Hawaiʻi ni ọmọ onílẹ̀ gan-an. Àwọn Kānaka Maoli ni àwọn tí baba ńlá wọn ti wà níbẹ̀ kí James Cook, atukọ̀ òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gúnlẹ̀ sí Waimea, ní Kauaʻi, ní oṣù Kìíní ọdún 1778. Àlejò tí ó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tètè máa ń dun àwọn ènìyàn níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni Hāʻena, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí ní àríwá, nítorí pé àwọn àlejò máa ń bínú sí òfin ibẹ̀ láì mọ ìdí rẹ̀. Láyé ọjọ́un, ẹnikẹ́ni lè wakọ̀ dé ibẹ̀. Àwọn tí ń wá lójúmọ́ máa ń lé ní 2,000, ọkọ̀ á tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà títí tí ọkọ̀ aláìsàn kò fi ní ráyè kọjá. Ní ọjọ́ 14 sí 15 oṣù Kẹrin ọdún 2018, òjò kan rọ̀ ní Waipā, nítòsí ibẹ̀, tí omi rẹ̀ tó 1,262 mìlímítà láàárín wákàtí 24. Kò sí òjò ọjọ́ kan tí ó tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òkè ya lulẹ̀ sójú ọ̀nà, ọ̀nà sì wà ní títì fún àlejò títí di oṣù Kẹfà ọdún 2019. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ará ibẹ̀ rí i pé ẹja ń padà sí etí omi, wọ́n sì lè gbọ́ ohùn ara wọn. Nígbà tí wọ́n máa ṣí ọ̀nà padà, ìjọba ìpínlẹ̀ fi iye àlejò mọ sí 900 lóòjọ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé ẹni tí kì í ṣe olùgbé Hawaiʻi gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lọ, bóyá àyè ìgbọ́kọ̀sí tàbí àyè nínú bọ́ọ̀sì tí ń gbé èrò lọ síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni àyè náà máa ń ṣí, ó sì máa ń tán kíákíá. Ẹni tí ó ní káàdì ìdánimọ̀ Hawaiʻi kò nílò rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pe èyí ní ojúsàájú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń bójú tó ibẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ni ẹgbẹ́ Hui Makaʻāinana o Makana, tí ó jẹ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ìdílé tí ó ti ń dáko, tí ó sì ti ń pẹja ní Hāʻena láti ìran dé ìran. Ilé wọn ni àlejò ń wọ̀. Ní ọdún 2015 pàápàá, ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí òfin ẹja pípa tí àwọn ará Hāʻena fúnra wọn kọ, èyí tí ó sọ irinṣẹ́ tí a lè fi pẹja àti iye tí a lè mú, irú òfin bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Hawaiʻi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju ìwọ̀ sómi níbẹ̀ kí ó tó béèrè.

Láti Hāʻena ni ọ̀nà ẹsẹ̀ Kalalau ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ mìíràn sì ti ń wáyé. Ìwé àyè ọjọ́ kan gbà yín láàyè láti rìn dé Hanakāpīʻai, tí ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá àfonífojì Hanakāpīʻai gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpàgọ́, ì báà jẹ́ pé kò ní sùn. Odò tí ó wà níbẹ̀ kò ṣe é fojú di: òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn níbi tí ẹ dúró sí, kí omi sì ya dé lójijì. Bí ó bá ti kún, ẹ jókòó sí ìhà tí ẹ wà títí tí yóò fi fà.

Ó kan ọ̀rọ̀ etíkun. Lábẹ́ òfin Hawaiʻi, gbogbo ènìyàn ló ni etíkun, láti inú omi títí dé ibi gíga jù lọ tí ìgbì máa ń fọ̀ dé láàárín ọdún. Òtẹ́ẹ̀lì kankan kò lè lé yín kúrò lórí iyanrìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà ọkọ̀ àti iyanrìn lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, òfin etíkun kò sì fún àlejò láṣẹ láti gba àárín ọgbà rẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀nà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún gbogbo ènìyàn wà, àkọlé sì máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà KAPU lára ògiri tàbí ẹnu géètì, èèwọ̀ ni wíwọlé. Ó ń dùn mí pé àwọn kan máa ń ya fídíò ibi tí wọ́n ti fo géètì, tí wọ́n á sì pe ibẹ̀ ní ibi ìkọ̀kọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀; àwọn tí ó ni ín mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn ni wọ́n sì máa ń gbé ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ jáde.

Ní ti ìpara oòrùn, ohun tí òfin sọ kò tó ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ìpara tí ó ní oxybenzone tàbí octinoxate nínú láìsí ìwé dókítà. Títà ni ó kà léèwọ̀. Kò sọ pé wọn yóò yẹ àpò yín wò ní pápákọ̀ òfurufú. Ní erékùṣù Maui àti ní erékùṣù tí ó tóbi jù, èyí tí òun náà ń jẹ́ Hawaiʻi, òfin ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ láti 2022, ìpara tí a fi ohun àlùmọ́ọ́nì ṣe nìkan ni wọ́n lè tà. Ìdí rẹ̀ ni iyùn. Ohun tí àwa mọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí nínú òkun, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń kọ́ ilé òkúta fún ara wọn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹja sì ń fi ilé náà ṣe ibùgbé. Ìwádìí fi hàn pé àwọn èròjà méjèèjì yìí lè pa ọmọ iyùn tàbí sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ooru òkun ni ó ń pa iyùn jù. Ní 2014 àti 2015, omi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí iyùn púpọ̀ ní Hawaiʻi fi funfun. Èyí kò sọ ìpara di ohun tí kò já mọ́ nǹkan, nítorí pé ohun tí ó ti ń ṣàìsàn ni kò yẹ kí a tún da májèlé sí lára.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ìpara, ẹ má gbára lé àkọlé iwájú ike tí ó ní ìpara náà kì í pa iyùn lára, nítorí pé òfin kankan kò sọ ohun tí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ yí ike náà sẹ́yìn, kí ẹ ka orúkọ èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: zinc oxide tàbí titanium dioxide nìkan ni kí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó tún dára ju gbogbo ìpara lọ ni ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn. Bí ẹ bá sì wà nínú omi, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ iyùn. Ẹni tí kò bá lè léfòó dáadáa, orí iyanrìn ni kí ó ti kọ́ bí a ṣe ń lo gíláàsì àti pàǹpù ìmí kí ó tó wọ ibi tí iyùn wà.

Ọ̀rọ̀ ẹranko ni ó le jù láti yà sọ́tọ̀, nítorí pé òfin àti ìmọ̀ràn wọ inú ara wọn. Ní etíkun Poʻipū, ní gúúsù, ẹ lè bá ẹran omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hawaiian monk seal, tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi Hawaiʻi. Gbogbo èyí tí ó kù láyé kò ju nǹkan bíi 1,600 lọ, nǹkan bíi 400 nínú wọn ló sì wà láàárín àwọn erékùṣù tí ènìyàn ń gbé. Lẹ́yìn tí ó bá ti wá oúnjẹ nínú ibú, yóò gun orí iyanrìn láti sùn, yóò na ara rẹ̀ gbalaja, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn níwájú àti lójú, eṣinṣin á máa bà lé e, kò sì ní mira fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti kú, tàbí pé omi ló ń wá, á sì fẹ́ bu omi sí i lára tàbí tì í padà sínú òkun. Ìkà ni ẹni náà ń ṣe láì mọ̀, nítorí pé ìsinmi yẹn ni ó ń fún un lágbára láti tún lọ wá oúnjẹ lọ́jọ́ kejì.

Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án tàbí yọ ọ́ lẹ́nu. Lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, tí ó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ìmọ̀ràn ni pé kí a jìnnà sí i tó mítà 15, àti mítà 45 bí ó bá jẹ́ ìyá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni máa ń ta okùn yí i ká, wọ́n á sì gbé àkọlé síbẹ̀. Ẹ má ṣe kọjá okùn náà nítorí fọ́tò. Ní 2021, fídíò kan tàn káàkiri níbi tí obìnrin kan tí ó wá lo ìsinmi ìgbéyàwó rẹ̀ ní Kauaʻi ti na ọwọ́ kan ẹran náà. Ẹran náà yíjú padà, ó lanu, obìnrin náà sì sáré. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e.

Ìjàpá òkun náà rí bẹ́ẹ̀: òfin ni pé kí a má yọ ọ́ lẹ́nu, ìmọ̀ràn sì ni mítà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ti dọ́fínì tí ń fò yípo lójú omi, jíjìnnà sí i gan-an ni òfin. Láti ọdún 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lúwẹ̀ẹ́ tàbí tukọ̀ sún mọ́ wọn ju mítà 45 lọ. Òru ni dọ́fínì yìí ń ṣọdẹ. Ní ọ̀sán ni wọ́n ń wá sí ẹ̀bá etíkun tí omi rẹ̀ kò jìn láti sùn, àkókò yẹn gan-an sì ni àwọn oníṣòwò kan máa ń kó àlejò lọ bá wọn lúwẹ̀ẹ́. Àbùùbùtán, tí ó máa ń wá láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin, mítà 90 ni tirẹ̀, òfin sì ni.

Ẹyẹ kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í rí rárá, síbẹ̀ tí iná yàrá wọn lè pa. Orúkọ rẹ̀ ni ʻaʻo. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ʻaʻo tí ó wà láyé, Kauaʻi ni wọ́n ti ń yé ẹyin sínú ihò lórí òkè. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án dé àárín oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní òru, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ìràwọ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé dé òkun. Bí wọ́n bá rí iná òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á máa yí i ká títí tí yóò fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì já lulẹ̀, níbi tí ológbò tàbí ọkọ̀ yóò ti pa wọ́n. Ní 2010, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíráámà erékùṣù náà gbé ìdíje bọ́ọ̀lù wọn kúrò ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta nítorí ẹyẹ yìí. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá lè yááfì ìyẹn, kò yẹ kí ó ṣòro fún àlejò láti pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó sì fa kọ́tìnì. Bí ẹ bá rí èyí tí ó já lulẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnura bò ó, ẹ gbé e sínú páálí tí afẹ́fẹ́ lè wọ̀, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí omi, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ panápaná tí ó súnmọ́ jù. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Nínú igbó Kōkeʻe, bàtà yín ni ewu. Igi ʻōhiʻa, tí òdòdó rẹ̀ pupa bí iná, ni ó ń gba ìrì àti kùrukùru sílẹ̀ kí omi tó wọ inú ilẹ̀, èéhu kan tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní erékùṣù Hawaiʻi ní 2014 sì ń pa á. Wọ́n rí i ní Kauaʻi ní 2018. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà lè gbé e láti igbó kan dé òmíràn. Nítorí náà ni búrọ́ọ̀ṣì fi wà ní ẹnu àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀: ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò pátápátá, lẹ́yìn náà kí ẹ fín ọtí ìpakòkòrò oní-70 nínú ọgọ́rùn-ún sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ẹ ṣe é kí ẹ tó wọ igbó àti lẹ́yìn tí ẹ bá jáde. Ìmọ̀ràn ni èyí, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó wúlò ju òfin púpọ̀ lọ.

Àwọn àgbà wa ní báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òkúta ni ó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù. Ẹ má ṣe to òkúta léra wọn fún fọ́tò, nítorí pé òkúta títò ní ìlò nínú ẹ̀sìn àwọn onílẹ̀, ó sì lè ṣi arìnrìn-àjò lọ́nà. Ẹ má ṣe gun orí heiau, ojúbọ àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta mọ, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá odò Wailua; láti ìta ni kí ẹ ti wò ó.

Ní Hanapēpē, ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn ìdílé kan ṣì ń ṣe iyọ̀ bí baba wọn ṣe ṣe é. Omi òkun ń sun wọ inú kànga abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á bu ú sínú àwo amọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ sílẹ̀, oòrùn á sì fa omi rẹ̀ títí iyọ̀ yóò fi dì. Wọ́n máa ń po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ amọ̀ pupa. Iyọ̀ yìí kì í ṣe títà. Wọ́n máa ń fi tọrẹ ni, tàbí kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Etíkun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ àárín ibi iyọ̀, ẹ má sì wa ọkọ̀ lórí iyanrìn níbẹ̀, nítorí pé eruku àti iyanrìn tí táyà ń gbé dìde ń ba iyọ̀ ẹlòmíràn jẹ́.

Lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Hanalei, afárá tí kò gba ju ọkọ̀ kan lọ pọ̀. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, àṣà ni ó ń darí ọkọ̀: ọkọ̀ márùn-ún sí méje á kọjá láti ìhà kan, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó kàn yóò dúró kí ìhà kejì lè kọjá, wọn á sì juwọ́ síra wọn. Lẹ́yìn afárá náà ni oko kókò bẹ̀rẹ̀, kókò tí àwa náà mọ̀, tí àwọn Ìjẹ̀bú fi ń ṣe ẹ̀bìrìpò. Kalo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, inú omi ni wọ́n ń gbìn ín sí, wọ́n sì gbà pé ẹ̀gbọ́n ènìyàn ni, nítorí pé nínú ìtàn ìṣẹ̀dá wọn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Ẹ má ṣe rìn lórí ebè ààlà oko náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ Hawaiʻi ni ọkọ̀ òkun ń kó wá láti òkèèrè, nítorí náà ẹni tí ó bá ra poi, tí wọ́n fi kókò gígún ṣe, lọ́wọ́ àgbẹ̀ Hanalei ti ran ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ju ẹni tí ó ra ohun ìrántí oníke lọ.

Èyí tí ó kù ni ilé tí ẹ óò wọ̀ sí, kò sì yẹ kí a fojú kékeré wò ó, nítorí pé ọ̀wọ́n gógó ilé ni ó ń lé ọ̀pọ̀ Kānaka Maoli kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní Kauaʻi, àgbègbè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àlejò nìkan ni a ti lè fi ilé háyà fún ọjọ́ díẹ̀, àfi ilé tí ó bá ti ní ìwé àṣẹ pàtàkì tẹ́lẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tí ó bófin mu ń san owó orí ibùgbé àlejò, èyí tí ìpínlẹ̀ fi ìdá 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún kún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, kí wọ́n lè fi tọ́jú etíkun àti igbó kí wọ́n sì dènà irú iná tí ó jó Lahaina ní Maui ní 2023. Òfin sì ní kí nọ́ńbà owó orí náà hàn nínú ìpolówó ilé tí ẹ ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí i, ẹ wá ilé mìíràn.